Sójà Nínú Yàrá: Kíka Àmì Nínú Àwòrán Àwọn Ará Nẹ́dálándì

Iṣẹ́: Iṣẹ́-ọnà

Kíláàsì: SS 2

Àkókò: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ méjì tó tẹ̀ léra

Orí ọ̀rọ̀: Àmì nínú àwòrán sójà àti obìnrin nínú ilé, ní Nẹ́dálándì ọ̀rúndún kẹtàdínlógún

Ohun èlò: Ẹ̀dà àwòrán mẹ́fà: méjì láti ọwọ́ Gerard ter Borch, méjì láti ọwọ́ Johannes Vermeer, ọ̀kan láti ọwọ́ Frans van Mieris, ọ̀kan láti ọwọ́ Carel Fabritius. Bí kò bá sí ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri, ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan lórí bébà ńlá fún akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin tó. Ẹ má lo ẹ̀dà tí kò ní àwọ̀, nítorí ẹ̀wù pupa sójà àti aṣọ sátíìnì tó ń dán lára obìnrin wà lára ohun tí a fẹ́ kà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan tún mú bébà funfun kan wá, kí ó gé ihò tó tó ojú owó ẹyọ sí i láàrin. Iṣẹ́ tí ihò náà yóò ṣe ń bọ̀ níwájú.

## Èròǹgbà

Nígbà tí ẹ̀kọ́ yìí bá parí, akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè:

(a) sọ ìdí tí sójà fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú àwòrán ilẹ̀ kan tó ti fọwọ́ sí àlàáfíà;

(b) mú nǹkan mẹ́ta nínú àwòrán kan, kí ó sì kọ́kọ́ sọ ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ó tó sọ ìtumọ̀ rẹ̀;

(d) ṣàlàyé bí àwòrán kan ṣe jẹ́ orúkọ tí kò tọ́ sí i fún ọdún gbọọrọ.

Èyí tó wà ní (b) ni ọkàn ẹ̀kọ́ náà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá há a sórí pé "ajá ni òtítọ́, àbẹ́là ni ikú" lè gba máàkì nínú ìdánwò, ṣùgbọ́n kò tíì wo àwòrán kankan.

## Ìmọ̀ àtẹ̀yìnwá

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti kọ́ nípa àrokò nínú ẹ̀kọ́ Yorùbá. Kí ọ̀kan nínú wọn rán kíláàsì létí pé bí a bá di owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀ ránṣẹ́ sí ènìyàn, ohun tí a ń wí ni pé ọkàn wa fà sí i. Kí olùkọ́ wá bèèrè pé: bí àrokò yìí bá bọ́ sọ́nà ńkọ́, tí àlejò tí kò gbọ́ Yorùbá he é ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún lẹ́yìn náà? Kò ní rí ju owó ẹyọ mẹ́fà lọ. Ibi tí àwa náà dúró sí nìyẹn níwájú àwọn àwòrán yìí. Ẹni tó di ẹrù ti lọ, ẹni tí wọ́n dì í fún náà ti lọ. Ìyàtọ̀ kan wà ṣá. Àwọn kan nínú àwọn ayàwòrán wọ̀nyí mọ̀ọ́mọ̀ so okùn ẹrù náà kó lọ́jú pọ̀ ni, kí ẹni tó rà á lè jókòó tì í pẹ́, kí òun àti àlejò rẹ̀ máa bá a fa ọ̀rọ̀.

## Ìfáàrà: ogun tó gba ọgọ́rin ọdún

Láti 1568 ni àwọn ìpínlẹ̀ tó wà ní àríwá Nẹ́dálándì ti ń bá ọba Spéìn jagun. Wọ́n sinmi ogun náà láti 1609 sí 1621, wọ́n tún gbé e dìde, kò sì tán títí di 1648, nígbà tí wọ́n bu ọwọ́ lu ìwé àlàáfíà ní ìlú Münster ní Jámánì. Ìran mẹ́ta ló kọjá sínú rẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ ro ogun yìí bí ogun pápá, níbi tí ẹgbàágbèje ènìyàn ti ń pàdé ara wọn. Ogun ìdótì ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Wọ́n á yí ìlú olódi ká, wọ́n á sì dúró. Ìlú Breda, bí àpẹẹrẹ, bọ́ sọ́wọ́ Spéìn ní 1625, àwọn ará Nẹ́dálándì sì gbà á padà ní 1637. Ìdúró ni iṣẹ́ sójà lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó bá sì ń dúró a máa mutí, a máa ta káàdì, a máa sùn, a máa wá obìnrin lọ. Àjèjì ló pọ̀ nínú wọn, àwọn tó gba owó jagun: ará Jámánì, ará Skọ́tláǹdì, Gẹ̀ẹ́sì, Faransé. Ní àwọn ìlú tí wọ́n kó wọn sí, ilé àwọn ará ìlú ni ọ̀pọ̀ wọn ń dé sí. Bí ẹ bá ti rí sójà tó jókòó sí yàrá onílé nínú àwòrán, kì í ṣe ìtàn àròsọ lásán.

Wọn kò ní yúnífọ́ọ̀mù. Ọ̀já ńlá tí sójà ń gbé kọ́ èjìká tàbí tí ó ń fi di ìbàdí ni wọ́n fi ń mọ ẹgbẹ́ ẹni: ọ̀já aláwọ̀ ọsàn fún àwọn ará Nẹ́dálándì, pupa fún ti Spéìn. Èyí jẹ́ àmì tí kò mú iyàn wá, kí olùkọ́ fi ìyẹn ṣe àkọ́kọ́ lórí pátákó.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan yóò béèrè nípa àwòrán Rembrandt tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ìṣọ́ Òru, ti 1642. Ẹ sọ fún un pé àwọn yẹn kì í ṣe sójà. Ọmọ ìlú ni wọ́n, oníṣòwò àti ọlọ́lá, tó dá ẹgbẹ́ aṣọ́lùú sílẹ̀, tó sì sanwó kí wọ́n ya àwọn gàgàrà, ní àwòrán tó ga ju mítà mẹ́ta àti ààbọ̀ lọ. Àwọn sójà tiwa kò sanwó fún ẹnikẹ́ni, wọn kò lórúkọ, púpọ̀ nínú àwòrán wọn kò sì fẹ̀ ju ojú tábìlì akẹ́kọ̀ọ́ kan lọ. Ẹni tó ra àwòrán wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ wọn. Ẹ dúró díẹ̀ lórí kókó yìí: aráàlú tó lówó ló ń wo sójà nínú àwòrán wọ̀nyí, láti inú ilé tirẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ kìíní: láti ilé ìṣọ́ sí yàrá àlejò

Ṣáájú 1648, ilé ìṣọ́ ni wọ́n ń ya sójà sí. Pieter Codde àti Willem Duyster ní Amsterdam, Jacob Duck ní Utrecht, ni ògbóǹtarìgì iṣẹ́ yìí. Ilé ṣíṣókùnkùn, ògiri tí ẹ̀fin ti bàjẹ́, ìlù ogun nílẹ̀, irin ìgbàyà tí wọ́n sọ sí kọ̀rọ̀, ẹnìkan tó sùn lọ fọnfọn tí ẹlòmíràn ń fi nǹkan rìn ín nímú. Àwọn obìnrin wà níbẹ̀. Nínú àwòrán mìíràn ẹrù ogun ni wọ́n kó kalẹ̀, tí sójà ń pín in tàbí tí wọ́n ń jà sí i. Àmì inú àwòrán wọ̀nyẹn kò ṣòroó kà. Ọ̀lẹ ni ẹni tó sùn, ìkógun sì ni ìkógun.

Gerard ter Borch (1617–1681), ọmọ ìlú Zwolle, wà ní Münster fúnra rẹ̀ nígbà tí àlàáfíà dé. Ó ya àwọn aṣojú bí wọ́n ṣe ń búra ní ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún 1648, lórí pẹlẹbẹ bàbà kékeré kan tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lónìí, ó sì fi ara rẹ̀ sí etí òsì àwòrán náà, tó ń wò wá. Lẹ́yìn ìyẹn, ìjọba dín àwọn ọmọ ogun kù. Ẹni tó bá rò pé sójà yóò pòórá nínú àwòrán yóò ṣìnà. Ilé ni wọ́n kó lọ. Láàárín ọdún bí i mẹ́wàá tó tẹ̀ lé e, ter Borch, Pieter de Hooch, van Mieris àti Vermeer gbé wọn jókòó sínú yàrá tó mọ́ tónítóní, tó ní kápẹ́ẹ̀tì lórí tábìlì, máàpù lára ògiri, àti obìnrin tí aṣọ rẹ̀ ń tàn. Bàtà gígùn ṣì wà lẹ́sẹ̀ wọn, kẹ́sẹ́ tí wọ́n fi ń gún ẹṣin ṣì wà ní gìgísẹ̀, idà ṣì wà níhà. Kí ni ọkùnrin yìí ń wá níbí? Ìbéèrè tí gbogbo àwòrán yìí ń bi olùwò nìyẹn, wọn kì í sìí dáhùn rẹ̀ tán.

Àkíyèsí fún olùkọ́. Ọ̀rọ̀ aṣẹ́wó yóò jáde nínú ẹ̀kọ́ yìí, kò sí bí a ṣe lè yí i ká. Vermeer fi ọdún 1656 sára àwòrán kan tó wà ní Dresden: sójà tó wọ ẹ̀wù pupa na owó ẹyọ sí ọmọbìnrin kan, ọwọ́ rẹ̀ kejì wà ní àyà ọmọbìnrin náà, obìnrin alágbàtà tó fi aṣọ dúdú bo orí sì ń yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. N kò fi èyí sínú àwòrán mẹ́fà tí a ó lò, ṣùgbọ́n ẹ ṣàpèjúwe rẹ̀. Ẹ pe nǹkan ní orúkọ rẹ̀, kí ẹ sì tẹ̀ síwájú. Àwọn ọmọ SS 2 yóò rẹ́rìn-ín fún ìṣẹ́jú kan. Olùkọ́ tó bá ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ ni wọn yóò fi rẹ́rìn-ín títí agogo yóò fi lù.

## Ìgbésẹ̀ kejì: "bàbá" tí kì í ṣe bàbá

Ẹ gbé àwòrán ter Borch àkọ́kọ́ jáde. Ó yà á ní nǹkan bí 1654. Ó wà ní Rijksmuseum ní Amsterdam, òmíràn tó jọ ọ́ sì wà ní Berlin. Ẹ má sọ orúkọ rẹ̀ fún kíláàsì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí, láìsí ìtumọ̀ kankan, fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí. Ọmọbìnrin kan dúró, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, a kò rí ju ọrùn rẹ̀ àti irun rẹ̀ lọ. Aṣọ sátíìnì aláwọ̀ fàdákà bò ó dé ilẹ̀. Sójà kan jókòó níwájú rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó gbé fìlà abìyẹ́ lé orúnkún, ó sì gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó so ìka pọ̀. Obìnrin àgbà kan wà láàrin wọn tó sin ife wáìnì mọ́ ẹnu, tí ojú rẹ̀ kò kúrò nínú ife. Lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀dì ńlá kan tó ní aṣọ ìkélé pupa. Lẹ́gbẹ̀ẹ́, tábìlì tó ní jígí, àbẹ́là àti ohun ọ̀ṣọ́. Ajá kan tí kò sanra dúró nítòsí àga sójà.

Ní 1765, ará Jámánì kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Paris, Johann Georg Wille, fín àwòrán yìí sí bàbà kí wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ tà, ó sì fún un ní orúkọ Faransé tó túmọ̀ sí ìkìlọ̀ bàbá fún ọmọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò rí àwòrán gan-an, èyí tí wọ́n tẹ̀ ni wọ́n rí, pẹ̀lú orúkọ nísàlẹ̀ rẹ̀. Ní 1809, Goethe, àgbà òǹkọ̀wé Jámánì, fi í sínú ìwé ìtàn rẹ̀ kan: àwọn àlejò níbi àríyá múra bí ènìyàn inú àwòrán náà, wọ́n dúró láìmira. Goethe ṣàlàyé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí bàbá ọlọ́lá tó ń fi pẹ̀lẹ́tù bá ọmọ wí, tí ìyá ọmọ sì ń mu wáìnì kí ojú má baà tì í. Àlàyé náà dùn létí. Gbogbo nǹkan inú àwòrán sì lọ bá orúkọ yìí: ọwọ́ tó lọ sókè di ọwọ́ ìkìlọ̀, ẹ̀yìn tí ọmọbìnrin kọ sí wa di ìtìjú.

Nísinsìnyí, kí kíláàsì mú bébà oníhò. Ẹ fi ihò náà sórí ojú sójà nìkan. Ọmọ ọdún mélòó ni ọkùnrin yìí? Kò sí ẹni tí yóò sọ pé ó lè bí ọmọbìnrin tó dúró síwájú rẹ̀. Ẹ gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì. Bẹ́ẹ̀dì lásán ni. Nínú ilé ìgbà yẹn, bẹ́ẹ̀dì lè wà ní yàrá tí wọ́n ti ń gba àlejò, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ẹ gbé e sórí ife obìnrin àgbà. Ife lásán. Ẹ gbé e sórí ìka sójà. Àwọn onímọ̀ kan ní owó ẹyọ ló wà láàrin ìka wọ̀nyẹn, àwọn mìíràn ní afẹ́fẹ́ ni. Ẹ wá gbé bébà kúrò pátápátá. Ọ̀dọ́ sójà, bẹ́ẹ̀dì pupa, obìnrin àgbà tó jókòó síbi tí alágbàtà máa ń jókòó sí nínú àwòrán ilé aṣẹ́wó, àti ọwọ́ tó ń ṣe bí ẹni ń ná ọjà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó dá sọ̀rọ̀. Àpapọ̀ wọn ló ń sọ ọ́.

Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí kíláàsì fò láti "bàbá" bọ́ sí "aṣẹ́wó" kí wọ́n sì rò pé iṣẹ́ ti parí. Aṣọ náà kì í ṣe aṣọ ilé aṣẹ́wó. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé Gesina, ọbàkan ter Borch, tí òun náà jẹ́ ayàwòrán, ló dúró fún un nínú púpọ̀ nínú àwòrán obìnrin rẹ̀. Ó ṣòro láti gbà pé ó fẹ́ kí gbogbo Zwolle máa pe àbúrò rẹ̀ ní ohun tí kì í ṣe. Ó lè jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin tó wá tọrọ ìfẹ́. Rijksmuseum ń pè é ní ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ìfẹ́ báyìí, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń fi orúkọ àtijọ́ kún un. Ní Dresden, àwòrán kan wà tó ní obìnrin yìí gan-an, aṣọ kan náà, ẹ̀yìn kan náà, bẹ́ẹ̀dì pupa níwájú rẹ̀, láìsí ẹlòmíràn. Kò sí sójà, kò sí ife, kò sí ọwọ́ tó gbé sókè. Ẹ béèrè lọ́wọ́ kíláàsì ohun tó kù nínú ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan obìnrin náà. Mo máa ń fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́ tó máa ń tẹ̀ lé ìbéèrè yìí.

## Ìgbésẹ̀ kẹta: ajá

Bí ìwé àmì kan bá wà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, yóò kà níbẹ̀ pé ajá dúró fún ìṣòtítọ́. Ẹ jẹ́ kí a fi ajá mẹ́rin dán an wò.

Ajá kìíní wà nínú àwòrán Fabritius, Ẹ̀ṣọ́, 1654, ní Schwerin ní Jámánì. Sójà jókòó sábẹ́ ògiri, nínú oòrùn, ìbọn wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, orí rẹ̀ ti tẹ̀, fìlà ti bo ojú. Bóyá ó sùn, bóyá ìbọn ló ń tọ́jú. Ajá dúdú kan jókòó níwájú rẹ̀, ó la ojú, ó ń wò ó. Ìṣòtítọ́ ni ajá yìí, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n nítorí pé ajá ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń san owó rẹ̀ fún sójà, ìṣòtítọ́ rẹ̀ di ẹ̀gàn ọkùnrin náà. (Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá ọdún yẹn gan-an, ilé tí wọ́n kó ẹ̀tù ìbọn pamọ́ sí ní ìlú Delft gbiná, ó wó apá ńlá nínú ìlú palẹ̀, Fabritius wà nínú àwọn tó kú. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn àlàáfíà ni. Vermeer, tó ń gbé ìlú náà, kò tíì pé ọmọ ọdún 22. Ẹ sọ èyí fún wọn. Wọn kò ní gbàgbé Fabritius mọ́.)

Ajá kejì àti ìkẹta wà papọ̀ nínú àwòrán van Mieris, 1658, ní Mauritshuis ní ìlú The Hague. Obìnrin kan ń bu wáìnì fún sójà, sójà sì ń fa aṣọ ìbora rẹ̀. Wọ́n ń wo ara wọn rẹ́rìn-ín. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì wà lórí irin àtẹ̀gùn lókè. Lẹ́yìn wọn, ajá méjì ń gun ara wọn. Nígbà kan, àwọn kan kun ọ̀dà bò wọ́n mọ́lẹ̀ kí ojú má baà ti olówó àwòrán; ọ̀rúndún ogún ni wọ́n tó ṣí wọn síta padà. Láìsí ajá náà, ó ṣeé ṣe kí a máa pe àwòrán yìí ní "ọmọ ọ̀tí ń gba àlejò."

Ẹ̀kẹrin ni èyí tó ń dùn mí. Moses ter Borch, àbúrò Gerard àti Gesina, tí òun náà mọ àwòrán yà dáadáa, wọ iṣẹ́ ogun ojú omi, ó sì kú ní 1667 níbi tí wọ́n ti kọlu odi kan nítòsí Harwich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjèèjì ya àwòrán ìrántí rẹ̀ papọ̀: agbárí, aago, ohun ìjà, àti ajá. Níbẹ̀, ajá jẹ́ ìṣòtítọ́ láìsí àbùkù kankan. Ọwọ́ Gerard kan náà tó fi ajá tí kò sanra sẹ́gbẹ̀ẹ́ sójà tó ń gbé ọwọ́ sókè ló fi ti ìrántí yìí síbẹ̀. Ajá kò yí padà. Ẹni tó dúró tì í ló yí padà.

## Ìgbésẹ̀ kẹrin: máàpù kan, yàrá méjì

Ẹ gbé Vermeer méjèèjì kọ́ síra wọn.

Àkọ́kọ́, Ọ̀gágun àti Ọmọbìnrin tó ń Rẹ́rìn-ín, nǹkan bí 1657, wà nínú àkójọ Frick ní New York. Sójà náà tóbi, ó wọ ẹ̀wù pupa, ó kọ ẹ̀yìn sí wa débi pé ojú rẹ̀ kò hàn tán, ó fi ọwọ́ dá àkìmọ́ ní ìbàdí. Ọmọbìnrin náà kéré, ìmọ́lẹ̀ fèrèsé wà lójú rẹ̀, ó di ife wáìnì mú, ó ń rẹ́rìn-ín. Àkẹtẹ̀ dúdú ńlá tó wà lórí sójà, irun ẹranko beaver ni wọ́n fi ń ṣe irú rẹ̀, èyí tí àwọn ará Yúróòpù ń rà lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀ Àríwá Amẹ́ríkà. Òpìtàn kan, Timothy Brook, kọ odindi ìwé kan ní 2008 tó fi àkẹtẹ̀ yìí ṣe orúkọ. Ní tèmi, àkẹtẹ̀ náà kì í ṣe àmì ìfẹ́ tàbí ti ẹ̀ṣẹ̀. Ó kàn jẹ́ kí a mọ̀ pé ọkùnrin yìí lówó lápò, tàbí pé ó fẹ́ kí ọmọbìnrin náà rò bẹ́ẹ̀.

Máàpù ńlá wà lára ògiri lórí ọmọbìnrin. Máàpù gidi ni: Balthasar Florisz van Berckenrode ló ṣe ìlànà rẹ̀ ní 1620, Willem Blaeu sì tẹ̀ ẹ́. Ilẹ̀ Holland àti Ìwọ̀-oòrùn Friesland ló wà lórí rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ní ojú fún jọ́gíráfì yóò sọ pé ó dojú rú, nítorí ìwọ̀-oòrùn ló wà lókè, ilẹ̀ ni Vermeer sì kùn ní búlúù tí òkun fi ní àwọ̀ ilẹ̀. Kí wọ́n sọ èrò wọn. Ṣé ilẹ̀ tí sójà jà fún ni? Ṣé ibi tí ó ti wá, tí yóò sì padà sí? Ṣé ohun ọ̀ṣọ́ ilé olówó lásán ni?

Kí ẹnikẹ́ni tó dáhùn tán, ẹ ṣí èkejì: obìnrin kan tó wọ búlúù, ó dá dúró, ó ń ka lẹ́tà, nǹkan bí 1663, ní Rijksmuseum. Máàpù kan náà ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá, búlúù ti kúrò lórí ilẹ̀ ó ti bọ́ sára obìnrin. Kò sí ọkùnrin nínú yàrá, àga wà lófo. Níbi tí sójà wà, máàpù dà bí ìyangàn. Níbi tí ẹnikẹ́ni kò sí, ó di jíjìn. Bébà kan náà, ayàwòrán kan náà.

## Àwọn nǹkan kéékèèké

Ẹ sáré kọjá lórí ìwọ̀nyí, kí wọ́n wà nínú ìwé akẹ́kọ̀ọ́:

Wáìnì ló wọ́pọ̀ jù, ẹni tó bá sì ń bù ú àti ẹni tó bá ń gbà á ṣe pàtàkì ju wáìnì fúnra rẹ̀ lọ. Ẹran inú ìkarahun òkun tí wọ́n ń la tí wọ́n sì ń gbé mì ní tútù: wọ́n gbà pé ó ń ru ara sókè. Ohun èlò orin olókùn: ìfẹ́, níwọ̀n ìgbà tí ẹnìkan bá ń ta á, bí ó bá wà lára ògiri láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án, ẹ ronú sí i. Ìkòkò tábà: fàájì, àkókò tó ń lọ bí èéfín. Àpótí onígi kékeré tó ní ẹyin iná nínú, tí obìnrin ń gbé ẹsẹ̀ lé nígbà òtútù: Roemer Visscher fi í sínú ìwé àmì rẹ̀ ní 1614, níbi tí ó ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun ni olólùfẹ́ tí obìnrin fẹ́ràn jù.

Nígbà mìíràn àwòrán mìíràn wà nínú àwòrán náà, lára ògiri. De Hooch ya obìnrin kan ní 1658 tó na ife sí sójà tó ń bu wáìnì. Ó wà ní Louvre ní Paris. Lára ògiri níbẹ̀ ni Jésù àti obìnrin tí wọ́n mú nínú panṣágà wà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá mọ Bíbélì yóò rí i pé ìtàn yẹn kò dá obìnrin náà lẹ́bi. Àwọn tó mú òkúta lọ́wọ́ ló bá wí. Ta ni ó wá ń bá wí nínú yàrá yìí: obìnrin tó na ife, sójà, àbí olùwò tó ti dájọ́ tán?

## Àríyànjiyàn àwọn onímọ̀

Ní 1976, onímọ̀ ọmọ Nẹ́dálándì kan, Eddy de Jongh, darí àfihàn kan ní Rijksmuseum tó sọ pé ẹ̀kọ́ ìwà wà lábẹ́ àwọn àwòrán ilé wọ̀nyí, àti pé ìwé àmì bí ti Visscher àti ti Jacob Cats ni kọ́kọ́rọ́ tí a ó fi ṣí i. Ọ̀pọ̀ gbà á gbọ́. Ní 1983, Svetlana Alpers kọ ìwé tó takò ó: ó ní àwọn ayàwòrán yìí fẹ́ràn ojú ayé fúnra rẹ̀, bí sátíìnì ṣe ń dán, bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń bọ́ sára ògiri, kí a yéé wá ìwàásù lábẹ́ gbogbo ife.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí kíláàsì yan ẹnìkan bí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù. Mo tẹ̀ sọ́dọ̀ de Jongh nígbà tí mo bá ń wo ajá van Mieris, nítorí kò sí ẹni tó ya irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nítorí ìmọ́lẹ̀ ara ògiri. Ṣùgbọ́n bí mo bá dúró síwájú ẹ̀yìn aṣọ obìnrin ter Borch, n kò lè sọ fún Alpers pé ó purọ́. Ibi tí àwọn méjèèjì ti fi àyè sílẹ̀, lójú tèmi, ni ẹni tó rà á: aráàlú tí ogun náwó rẹ̀ fún ọdún gbọọrọ, tí sójà ti sùn sí ilé rẹ̀ tàbí ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó wá gbé sójà kékeré kan kọ́ sára ògiri níbi tí ọmọbìnrin rẹ̀ yóò ti máa rí i lójoojúmọ́. Ẹ̀rù ń bà á, ó sì ń wù ú.

## Ìgbéléwọ̀n

Ẹ gbé àwòrán ter Borch kejì jáde: Ọ̀gágun tó ń Sọ Lẹ́tà fún Akọ̀wé, nǹkan bí 1655 sí 1658, ní National Gallery ní Lọ́ńdọ̀nù. Sójà kan ń kọ ohun tí ọ̀gágun ń sọ. Afunpè dúró, ó ń dúró de lẹ́tà láti gbé e lọ, ojú rẹ̀ sì wà lára wa. Nílẹ̀, káàdì kan wà tó ní àwòrán ọkàn pupa kan ṣoṣo.

1. Láìlo ọ̀rọ̀ "ìfẹ́," kọ ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ káàdì náà sílẹ̀.

2. Káàdì yìí wà nílẹ̀, kò sí lórí tábìlì. Kí ni ìyẹn fi kún ọ̀rọ̀, tàbí kí ni ó mú kúrò?

3. Obìnrin kò sí nínú yàrá yìí rárá. Báwo ni a ṣe mọ̀ pé lẹ́tà náà lè má jẹ́ ti ogun? Kí ni yóò mú kí o yí ọkàn padà?

4. Kí nìdí tí afunpè fi ń wo wá, tí àwọn méjì yòókù kò fi wò?

Fún ìbéèrè kẹta, máàkì wà fún ẹni tó bá sọ pé ó lè jẹ́ lẹ́tà ogun, bí ó bá lè tọ́ka sí ohun tó rí.

## Iṣẹ́ àṣetiléwá

Wá fọ́tò kan nílé tí ẹni tó wọ yúnífọ́ọ̀mù wà nínú rẹ̀: ọlọ́pàá, sójà, nọ́ọ̀sì, aṣọ́bodè, ọmọ ẹgbẹ́ Boys' Brigade, ẹnikẹ́ni. Bí kò bá sí, lo èyí tó wà nínú ìwé ìròyìn. Gé ihò sínú bébà, gbé e sórí nǹkan márùn-ún nínú fọ́tò náà níkọ̀ọ̀kan, kí o sì kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà gbé bébà kúrò, kí o kọ ojú-ewé kan lórí ohun tí fọ́tò náà ń sọ nípa ẹni tó wọ yúnífọ́ọ̀mù àti àwọn tó dúró tì í. Má ṣe béèrè lọ́wọ́ òbí rẹ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà títí ìwọ yóò fi kọ ọ́ tán. Béèrè lẹ́yìn náà, kí o kọ ìdáhùn wọn sí ìsàlẹ̀ pẹ̀lú bírò aláwọ̀ mìíràn. Mú méjèèjì wá ní ọjọ́ Ajé.